FSX máa ń pa ara rẹ̀ dé bí mo bá fẹ́ balẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí bí mo ṣe máa tún un fi sórí kọ̀ǹpútà

ỌmọAkínyẹlé:
Mo kí gbogbo ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan ni mo fi ń lo Microsoft Flight Simulator X, eré ìwakọ̀ bàálù orí kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń pè ní FSX. Ẹ̀dà ti Steam, ilé ìtajà eré orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni tèmi. CPU láptọ́ọ̀pù náà ní core mẹ́rin, RAM rẹ̀ jẹ́ 16 GB, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀, ó sì ní káàdì gíráfíìkì méjì, ti Intel àti ti NVIDIA. Bí mo bá gbéra ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà, wẹ́rẹ́ ni gbogbo nǹkan máa ń lọ kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà títí tí n ó fi dé òkè ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń sún mọ́ Heathrow báyìí, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ara àwọn ilé kan á dúdú, lẹ́yìn náà ni ìkìlọ̀ kan á jáde pé mẹ́mórì kọ̀ǹpútà ti tán, FSX á sì pa ara rẹ̀ dé. Ohun tí kò yé mi ni pé Task Manager ń fi hàn pé nǹkan bí ìdajì RAM náà ni kò sí ẹni tó ń lò ó. Oríṣiríṣi bàálù àti pápákọ̀ ni ó ti wà lórí rẹ̀ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ìlà kan tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà nínú fsx.cfg, fáìlì tí FSX ti ń ka bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Mo ti pinnu láti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí n tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe, kí sì ni kí n yẹra fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé dátà wọ́n. N kò fẹ́ gba ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

ÀṣáÒkè:
Ẹ kú ìrìnàjò o. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa á, torí pé bí ẹ bá tún un fi síbẹ̀ láìmọ ìdí rẹ̀, ibi tó kú sí lánàá náà ni yóò tún kú sí lọ́la. Ọdún 2006 ni FSX jáde, ètò 32-bit sì ni. Ètò 32-bit kò lè lo àdírẹ́sì mẹ́mórì tó ju 4 GB lọ, bó ti wù kí RAM yín pọ̀ tó. Lórí Windows 32-bit, 2 GB péré ló máa ń rí gbà. Ó dà bí ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ 16 ṣùgbọ́n tí ìwé ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò kọjá púlọ́ọ̀tì 4: ilẹ̀ ṣẹ́ kù lóòótọ́, kò kàn lè kọ́lé síbẹ̀ ni. Inú 4 GB yìí ni FSX fúnra rẹ̀, bàálù tí ẹ ń wà, ilé àti igi, ìkùukùu, àwọn bàálù mìíràn tó ń kọjá, àti gbogbo pápákọ̀ tí ẹ fi kún un ti ń du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Láti Ìkẹjà lọ sí Heathrow, ńṣe ló ń kó ẹrù sí i bó ti ń lọ, kì í sì í sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ bó ti ń kọjá. Nígbà tó bá wá dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé ti há mọ́ra tí bàálù sì ń tẹ̀ lé ara wọn lójú sánmà, kò sí àyè mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òpin ìrìnàjò gígùn ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ kò sí lójú Task Manager. Ẹ gba Process Explorer, ti Microsoft fúnra wọn ni, ọ̀fẹ́ ni, kò sì tóbi. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ orí òpó èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ yan Select Columns, ẹ bọ́ sí Process Memory, kí ẹ sì fi àmì sí Virtual Size. Nọ́ńbà tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fsx.exe lójú òpó náà ni ẹ̀rí yín. 4,194,304 K ni òpin rẹ̀. Bí ó bá ti ń lé ní 3,700,000 K kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ṣòro kí ẹ tó balẹ̀.

Tolótoló:
Bí wọ́n bá fi RAM kún un ńkọ́, kó di 32 GB? Kò sí irú èyí tí wọn kò tà ní Computer Village.

ÀṣáÒkè:
Rárá o. Ní ti FSX, owó yẹn kò ní í ṣe nǹkan kan, nítorí 4 GB náà kò ní í fi bíńtín kún. RAM yòókù wúlò fún Windows àti fún àwọn ètò mìíràn tó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn, 16 GB sì ti tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÌyáÌbejìPeckham:
Ẹ káàárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù o. Èmi á dá sí ọ̀rọ̀ yíyọ ọ́ kúrò, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣe é ní ààbọ̀. Bí ẹ bá lo ìlànà ìyọkúrò ti Steam tàbí ti Windows, fáìlì tí ètò náà gbé wá nìkan ni yóò lọ. Àwọn tí ẹ̀yin àti àwọn àfikún yín dá sílẹ̀ yóò dúró síbi tí wọ́n wà, FSX tuntun yóò sì wá jókòó lé wọn lórí, yóò máa kà wọ́n bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ tẹ %APPDATA% sójú ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí nínú fèrèsé fáìlì, nítorí Windows máa ń fi fódà náà pamọ́. Ẹ wọ inú Microsoft, ẹ ó rí fódà FSX níbẹ̀. Ẹni tó bá ti lo ẹ̀dà DVD rí lórí ẹ̀rọ kan náà lè rí FSX-SE pẹ̀lú. Inú rẹ̀ ni fsx.cfg wà, òun pẹ̀lú dll.xml, exe.xml àti fódà Controls. Fáìlì scenery.cfg, tó mọ gbogbo pápákọ̀ àfikún, wà ní C:\ProgramData\Microsoft. Ẹ̀kẹta ni Flight Simulator X Files tó wà nínú Documents yín, níbi tí àwọn ìrìnàjò tí ẹ tọ́jú wà. Ẹ má pa ìkankan nínú wọn rẹ́. Ẹ kàn yí orúkọ wọn padà, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ bí «àtijọ́» kún un, FSX yóò sì dá tuntun sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá kọ́kọ́ ṣí. Bí ẹ bá ti to bọ́tìnnì joystick yín bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ, ẹ mú Standard.xml jáde láti inú Controls, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn, ẹ ó dá a padà lẹ́yìn.

Méjì nínú àwọn fáìlì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fura sí. Àkọ́kọ́ ni dll.xml, èyí tó ń sọ fún FSX irú ètò àfikún tó gbọ́dọ̀ jí pẹ̀lú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ bá ti bàjẹ́, FSX lè kú kí ojú ìwé àkọ́kọ́ tó yọ. Èkejì ni Logbook.BIN tó wà nínú Documents, ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí tí ẹ ti fò. Ó lè bàjẹ́ nígbà tí iná bá lọ lójijì bí ẹ bá ń lo kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn ará ilé sọ ọ́. Àti pé, ẹ̀yin tí ẹ fowó ra àfikún, ẹ wo ìlànà rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó yọ ọ́: òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà láti inú ètò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tún fi síbẹ̀.

AláìníDátà:
Ẹ̀yin ará, èyí tó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n rèé. Kí ẹ tó tẹ ìyọkúrò ní Steam, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ FSX nínú Library, ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Installed Files, ẹ ó rí ibi tí ẹ ti lè ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ gbogbo fáìlì rẹ̀. Ẹ darí rẹ̀ sí díísìkì ìta. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá a padà, láti orí díísìkì yẹn ni Steam ti máa kó o, dátà díẹ̀ ni yóò sì fi wo ohun tó bá yí padà. Ẹ wá àyè tó tó nǹkan bí 30 GB sílẹ̀ fún un. Bí ẹ ti ń ṣe èyí, ẹ sọ fún Windows pé íntánẹ́ẹ̀tì yín jẹ́ èyí tí wọ́n ń wọ̀n, metered connection ni wọ́n pè é níbẹ̀, kí ó má baà máa fa àtúnṣe ara rẹ̀ wọlé nígbà tí ẹ̀yin ń ṣírò dátà.

Ibi tí ẹ ó gbé e sí náà ṣe pàtàkì. Ẹ ṣí library Steam mìíràn sí D:, tàbí sí ibòmíràn tí kò sí lábẹ́ Program Files. Windows máa ń dáàbò bo fódà yẹn. Ètò àtijọ́ tó bá fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ láìgba àṣẹ, Windows lè rọra darí ohun tó kọ sí ibòmíràn tí wọ́n ń pè ní VirtualStore. Ẹ̀yin á máa ṣàtúnṣe fáìlì kan, FSX á máa ka òmíràn, ẹ ó sì máa bi ara yín pé kí ló dé tí kò sí ìyípadà. Àwọn tó ń lo DVD gan-an ni èyí máa ń dà láàmú jù lọ. C:\FSX ni kí wọ́n fi tiwọn sí.

Tolótoló:
Èmi ń lo DVD. Báwo ni ètò SP1 àti SP2, àwọn àtúnṣe tí Microsoft ṣe fún FSX, ṣe jẹ́? Ṣé mo lè fi méjèèjì sí i lẹ́ẹ̀kan náà?

ÌyáÌbejìPeckham:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi FSX síbẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ wọ inú ìrìnàjò tó bá gbé síwájú yín, kí ẹ sì tì í padà kó lè dá fsx.cfg rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni SP1 kàn. Ẹ tún ṣí i, ẹ tún tì í. SP2 ló tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ní Acceleration, àfikún FSX tí Microsoft gbé jáde ní 2007, ẹ fo SP1 àti SP2 pátápátá, nítorí iṣẹ́ tí SP2 ń ṣe ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà Steam tó jáde ní oṣù Kejìlá 2014 ní gbogbo èyí nínú, kò sí ohun tí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí nílò láti fi kún un.

Ọ̀gáCfg:
Ẹ ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ kàn ṣí fsx.cfg, ẹ kọ TEXTURE_MAX_LOAD=4096, LOD_RADIUS=6.5, UsePools=0, àti AffinityMask=14. Bí èmi ṣe ń lò ó nìyẹn, ó sì ń dán bíi dígí.

ÀṣáÒkè:
Ọ̀gá mi, n kò bá yín jiyàn pé ó ń dán. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá ni bí kò ṣe ní í kú, méjì nínú àwọn ìlà yẹn gan-an ló sì ń pa á. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. TEXTURE_MAX_LOAD ni bí àwòrán tí FSX ń gbé wọlé ṣe lè tóbi tó. Àwòrán 4096 ní 4096 gba àyè ìlọ́po 16 ti 1024 ní 1024, iye tí FSX gbé wá láti ilé. LOD_RADIUS ni bí ilẹ̀ tí ó ń yà yékéyéké ṣe jìnnà sí bàálù tó; 4.5 ni èyí tó ga jù tí ojú ètò FSX fúnra rẹ̀ gbà. Bí ẹ bá gbé e dé 6.5, nítorí pé àyíká òbírí ni a ń sọ, ilẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ gbé sọ́kàn yóò lé ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń fò láti Ìkẹjà lọ sí Ìbàdàn nínú Cessna 172 lè gbádùn rẹ̀ láìsí wàhálà, torí pé kò tó wákàtí kan tí yóò fi balẹ̀, ilé kò sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà nínú FSX. Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe Ìbàdàn. Kí ó fi TEXTURE_MAX_LOAD sílẹ̀ ní 1024, tàbí 2048 bí bàálù tó rà bá nílò rẹ̀, kí LOD_RADIUS má sì kọjá 4.5. Ní ti UsePools=0, lórí àwọn káàdì gíráfíìkì kan, ńṣe ló máa ń fa kí àwòrán fọ́ tàbí kí gbogbo rẹ̀ kú, n kò sì ní í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi bẹ̀rẹ̀.

AffinityMask ni mo fara mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ lò ó mọ ohun tó ń kọ. Core àkọ́kọ́ ní iye 1, èkejì 2, ẹ̀kẹta 4, ẹ̀kẹrin 8. Bí ẹ bá ro 2, 4 àti 8 pọ̀, 14 ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí FSX fi core àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún Windows àti fún àwọn ètò yòókù. Bí CPU yín bá ní HyperThreading, méjì méjì ni Windows ń ka core kọ̀ọ̀kan, 14 kò sì ní í túmọ̀ sí ohun kan náà mọ́. Abẹ́ [JOBSCHEDULER] ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, bí àkọlé yẹn kò bá sì sí nínú fáìlì yín, ẹ kọ ọ́ fúnra yín. Ẹni tó ń lo DVD gbọ́dọ̀ fi HIGHMEMFIX=1 sábẹ́ [GRAPHICS], èyí tó ń gba àwòrán lọ́wọ́ dúdú àti pípòórá; ẹ̀dà Steam ti ní i. Ẹni tí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ̀ lè fi WideViewAspect=True sábẹ́ [DISPLAY]. Lójú tèmi, kò sí ìlà mìíràn tó yẹ kí ẹ fọwọ́ kàn títí tí ẹ ó fi rí i pé ó dúró dáadáa.

ỌmọOǹdó:
Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ ara ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní tòkúnbọ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé. Ní àkókò ọyẹ́, eruku á wọ inú fáànù, á dì í pa. CPU tó bá ti gbóná tó nǹkan bí 95 sí 100 ní òṣùwọ̀n Celsius á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná, bó bá sì ti tutù díẹ̀, á tún sáré. Core kan ṣoṣo ni FSX gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹrù rẹ̀ lé lórí, nítorí náà, bí eré core yẹn bá ti ń lọ sókè sódò, ojú yóò rí i bí ìgbà tí àwòrán ń ta gìrì. Ẹ fi HWiNFO wo ooru rẹ̀ bí ẹ ti ń fò. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó gbọn eruku inú rẹ̀ dànù, kó sì pààrọ̀ ìpara ìtutù (thermal paste) orí CPU.

Ẹ tún wo ṣájà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ni ṣájà wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n bá jáde láti ilé iṣẹ́. Bí agbára ṣájà náà bá kéré sí ohun tí láptọ́ọ̀pù ń fẹ́, àwọn láptọ́ọ̀pù kan á mọ̀, wọ́n á sì dín eré wọn kù láìsọ fún yín. Iye watt tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ṣájà ni kí ẹ fi wé ti ilé iṣẹ́. Bí iná ìjọba bá lọ tí láptọ́ọ̀pù bọ́ sórí bátìrì, eré á já lulẹ̀, kò sì sí ohun tí fsx.cfg lè ṣe sí ìyẹn. Ẹni tó bá ní ínfátà ni kó fi balẹ̀ sí Heathrow. Nínú Power Options, ẹ yan High performance.

Awakọ̀Alẹ́:
Kí á má gbàgbé pé káàdì gíráfíìkì méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí Settings Windows, System, Display, lẹ́yìn náà Graphics, ẹ wá fsx.exe, kí ẹ sì yan High performance fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti Intel ni ó lè máa lò. Ẹ pa ètò Xbox tó ń ká fídíò lẹ́yìn. Ẹ sọ fún Windows Security pé kó má máa yẹ fódà FSX wò ní gbogbo ìgbà tí fáìlì kan bá ṣí.

Mo fẹ́ kí á fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún bí a ṣe ń dán an wò, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sì ní í mọ èyí tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ gbé bàálù kan náà sí ẹnu ọ̀nà ìbalẹ̀ kan náà ní Heathrow, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ojú ọjọ́ Fair Weather, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ìrìnàjò. Ẹ máa tẹ Shift+Z títí tí iye férémù, ìyẹn iye àwòrán tó ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò fi yọ lókè. Ẹ dúró kí gbogbo ilé yọ tán, ẹ kọ iye náà sílẹ̀ pẹ̀lú Virtual Size tí Process Explorer fi hàn. Ẹ yí nǹkan kan padà, ẹ pa FSX, ẹ tún ṣí i, ẹ tún wò. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Nọ́ńbà tí ẹ fi ojú ara yín rí lórí ẹ̀rọ tiyín sàn ju fsx.cfg ẹlòmíràn lọ.

Bí èmi ṣe máa to ó nìyí. Target frame rate á wà ní 30. Bí FSX bá ti ṣe 30 tán, yóò fi àkókò tó kù gbé ilẹ̀ tó wà níwájú wọlé, bàálù yóò sì máa lọ ní ìwọ̀n kan náà. Férémù 30 tí kò yẹ̀ dùn ún wò ju 60 tó ń já sí 18 nígbàkígbà tí ẹ bá yí orí. Autogen ni èmi á kọ́kọ́ dín kù, kúrò ní Very Dense sí Normal, torí pé òun ló ń gbin ilé àti igi káàkiri. Omi á wà ní Low 2.x, Light bloom á kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ náà ni òjìji tí ilé ń dá sílẹ̀. Airline traffic á wà láàárín 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ orí títì á sì sún mọ́ òdo. Ta ló ń wo dánfó láti 30,000 ẹsẹ̀ bàtà? Ìkùukùu náà wúwo gan-an nígbà òjò, kí ẹ mọ̀ pé bí férémù bá dára ní Fair Weather, kò túmọ̀ sí pé yóò dára nínú ìjì. Texture resolution àti Mesh kì í fi bẹ́ẹ̀ fa wàhálà bí ti Autogen, ẹ lè fi wọ́n sí àárín.

Ẹni tó bá ní SSD, kí ó fi FSX sórí rẹ̀. Yóò tètè ṣí, ilẹ̀ á sì tètè yà, ṣùgbọ́n iye férémù kò ní í pọ̀ sí i.

ỌmọAkínyẹlé:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ bí ẹ ti sọ ọ́. Nínú ìdánwò kan náà tí Awakọ̀Alẹ́ júwe, Virtual Size kò tó 3,000,000 K láìsí àfikún kankan, mo sì ti balẹ̀ sí Heathrow láti Ìkẹjà láìsí ìkìlọ̀. Ṣájà náà kéré lóòótọ́; mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ohun méjì ló kù. Joystick mi a máa dákẹ́ lójijì nínú ìrìnàjò gígùn, àfi kí n yọ ọ́ kí n tún un kì bọ̀ ọ́. Èkejì ni pé mo fẹ́ dá àwọn àfikún mi padà, ẹ̀rù sì ń bà mí.

ỌmọOǹdó:
Ti joystick, Windows ló ń pa ihò USB láti fi dín iná kù. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ wá USB Root Hub, ẹ wọ Power Management, kí ẹ yọ àmì tó gba kọ̀ǹpútà láyè láti pa á. Gbogbo Root Hub tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ ṣe é fún. Nínú Power Options tó jinlẹ̀, ẹ pa USB selective suspend pẹ̀lú.

Tolótoló:
Kí ló dé tí ẹ kò sọ pé kó kúkú bọ́ sórí èyí tó jẹ́ tuntun?

ÌyáÌbejìPeckham:
Ọ̀rọ̀ yín kò burú. Prepar3D ti Lockheed Martin di 64-bit láti ẹ̀dà kẹrin ní 2017, Microsoft Flight Simulator tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2020 náà jẹ́ 64-bit, bẹ́ẹ̀ náà ni X-Plane, ìṣòro 4 GB yìí kò sì sí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ti 2020 yẹn lé ní 100 GB lórí díísìkì, a sì máa fa ilẹ̀ wọlé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹ ti ń fò. Ti 2024 tún gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì jù ú lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ dátà, tí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sì ti pẹ́, FSX ṣì bá a mu. Bí ẹ bá fẹ́ dán 64-bit wò lọ́fẹ̀ẹ́, FlightGear wà; ilẹ̀ ibi tí ẹ bá ń lọ nìkan ni TerraSync rẹ̀ máa ń gbà wọlé.

ÀṣáÒkè:
Ẹ kú oríire o, ỌmọAkínyẹlé. Ẹ dá àfikún padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fò pẹ̀lú èyí tí ẹ fi sí i kí ẹ tó fi òmíràn kún un, kí ẹ máa kọ Virtual Size rẹ̀ sílẹ̀. Bàálù ńlá tí wọ́n ya gbogbo bọ́tìnnì inú rẹ̀ tán máa ń jẹ àyè ju bí ẹ ti rò lọ, bí ẹ bá sì gbé irú rẹ̀ lọ sí Heathrow tí ẹ fowó rà, àwọn méjèèjì nìkan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ohun tó kù tán. Kí ẹ tó gbéra, ẹ wọ Settings, ẹ ṣí Scenery Library, kí ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo pápákọ̀ àfikún tí kò sí lójú ọ̀nà yín. Ti Ìkẹjà àti ti Heathrow nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé nọ́ńbà ti ń sún mọ́ 3,700,000 K lórí ilẹ̀ Faransé, ẹ tẹ àmì «;» kí ẹ tọ́jú ìrìnàjò náà, ẹ pa FSX, ẹ tún ṣí i, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Gbogbo ẹrù tó ti kó láti Sàhárà ni yóò ti sọ kalẹ̀. Àwọn bàálù àfikún kan kì í rántí gbogbo bí ẹ ti to bọ́tìnnì wọn, nítorí náà ẹ wo autopilot àti epo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

ỌmọAkínyẹlé:
Mo ti yọ àwọn àmì náà nínú Scenery Library. Ó pẹ́ kó tó ṣí lẹ́yìn ìyẹn, ó dà bí ẹni pé ó ti dúró sójú kan. Ṣé kí n pa á?

ÀṣáÒkè:
Ẹ má pa á o. Ńṣe ló ń tún àkójọ àwọn pápákọ̀ kọ, bó ti máa ń ṣe nìyẹn nígbàkígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan Library náà. Ẹ fi í sílẹ̀ títí tí ojú ìwé àkọ́kọ́ yóò fi yọ. Ìgbà tí ẹ bá tún ṣí i lẹ́yìn èyí, kò ní í pẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.